Oko Aláìsàn Kì í Ṣàìsàn

Ìbàdí ni Wassiou yàn.

Ó ti kọ́kọ́ ro ti orí, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ní orí ń fọ́ òun, wọn á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí, wọn á sì sọ fún un pé ara rẹ̀ ò gbóná. Ó ro ti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá ń dunni a máa wú, tirẹ̀ sì gbẹ bí igi ìdáná. Ó ro ti inú, ó wá rántí pé Bintou ìyàwó rẹ̀ kì í gbé iyán síwájú ẹni tí inú ń run. Ìbàdí ló kù. Ìbàdí kì í wú, kì í gbóná, kì í sì í dí iyán lọ́nà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá rí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi tó ń ṣa àìsàn bí ẹni ń ṣa ata lọ́jà, ẹ má ṣe bá a wá oògùn. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá. Wassiou fúnra rẹ̀ ló ní kí n bá òun sọ ọ́ báyìí, kí n má sì pa orúkọ òun dà, nítorí gbogbo ìhà Goro ló kúkú mọ̀.

Ohun tó ń wá kò ju pé kí wọ́n gbọ́ ohùn òun níbi tí èèyàn pọ̀ sí.

Ohùn náà dára, a ò ní torí pé Wassiou ṣẹ̀ ká sọ pé kò dára. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní abúlé wọn lẹ́bàá Goro, Àjùmọ̀kọ ni wọ́n ń pè é. Ó ti wà kí àwọn Faransé tó kó ẹrù wọn lọ, bàbá tó bí bàbá Wassiou sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nígbà Révolution, láyé ìjọba àwọn sójà, ìjọba gbé ẹgbẹ́ tiwọn dé pẹ̀lú pátákó àti katakata. Katakata náà kú sínú ẹrẹ̀, pátákó náà di ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́. Àjùmọ̀kọ ò ní pátákó. Àáró ló ní: lásìkò ebè, gbogbo wọn á jọ kọ ebè iṣu lóko ọmọ ẹgbẹ́ kan títí yóò fi parí, kí wọ́n tó lọ sí oko ẹni tó kàn.

Ó sì ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ lójú: oko aláìsàn kì í ṣàìsàn.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àìsàn bá dá ọmọ ẹgbẹ́ dùbúlẹ̀ lásìkò ebè, oko rẹ̀ ni wọn á kọ́kọ́ kọ, ìbáà kàn án, ìbáà má kàn án. Nǹkan kan péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn. Lọ́jọ́ tí ebè rẹ̀ bá máa parí, ó gbọ́dọ̀ wá jókòó sóko, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́. Bí kò bá lè rìn, wọn á gbé e wá. Ọdún tí igi wó lu bàbá bàbá Wassiou lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin náà. Nítorí tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é.

Wassiou ló ń dá orin fún ẹgbẹ́. Bó bá ti dá a pé, "Ta ló ni oko yìí o?" àwọn yòókù á gbè é pé, "Àwa la ni ín, àwa la ni ín," ọkọ́ gbogbo wọn á sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yessoufou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló máa ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn tirẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2002 wá dé, tí wọ́n fẹ́ dìbò yan àwọn kọ́ńsẹ́yè, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìjọba àwa-ara-wa ti pẹ́ ní Cotonou, ó wá ku kó dé ọ̀nà oko wa. Ọkùnrin kan tó ti ṣe tíṣà rí, Mẹ́sìè Ọládélé, ń wá ipò kọ́ńsẹ́yè. Ó gun alùpùpù kọjá létí oko lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ orin Wassiou, ó sì dúró.

"Mon cher," ló wí, "irú ohùn báyìí, ebè lò ń fi kọrin fún? Vraiment, ó dùn mí. Bá mi rìn. Sanson, Tchatchou, títí dé Tchaourou. Ìwọ á kọrin, èmi á sọ̀rọ̀. Bí mo bá wọlé, ìwọ ni aṣojú mi fún gbogbo ìhà ibí."

"Nígbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí náà la ó bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ebè ni wọ́n ń kọ. Òjò ti fẹ́ dáwọ́ dúró, ilẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá yẹ àáró lásìkò bẹ́ẹ̀, kó má retí pé ẹnì kan á tún bá òun jẹun. Àìsàn nìkan ló lè gba èèyàn sílẹ̀.

Ìyẹn ló fà á tí Wassiou fi jókòó sábẹ́ igi, tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó parí rẹ̀, ó wọ inú àgbàlá lọ bá Bintou níbi tó ti ń bẹ iṣu tó fẹ́ sá fún èlùbọ́.

"Bintou, ìbàdí ń ro mí."

Bintou ò gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

"Àárọ̀ yìí tẹ́ ẹ gun igi máńgòrò?"

"Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀."

Bintou fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá Hàbíb, àná ni Mẹ́sìè Ọládélé wá síbí, òní ni ìbàdí yín bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n káàánú yín ni, àbí kí n rẹ́rìn-ín?"

"Ìwọ ṣáà sọ fún wọn pé mo dùbúlẹ̀."

"Màá sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo oògùn tí wọ́n bá gbé wá, ẹ ó mu ún. Mi ò ní da oògùn ẹgbẹ́ nù nítorí irọ́ yín."

Wassiou gbà. Ó rò pé èyí tó rọrùn nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi kún àgbàlá. Bàbá Àlúkò, olórí Àjùmọ̀kọ, ló ṣáájú. Àgbàlagbà tí kì í kánjú ni. Ó jókòó ti ẹní aláìsàn, ó wò ó títí.

"Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Wassiou ò tíì ronú débẹ̀. "Àárín ni, Bàbá."

Bàbá Àlúkò mi orí. "Ti àárín ló le jù. Ti àárín ló pa àbúrò bàbá mi."

Wassiou kérora.

"Oko ta ló kàn?" Bàbá Àlúkò béèrè.

"Tèmi ni," Yessoufou dáhùn.

Gbogbo wọn mọ ohun tó wà ní ilé Yessoufou. Awaou ìyàwó rẹ̀ wà ní lópítà ní Parakou. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó tó bímọ, ara rẹ̀ ò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà náà. Yessoufou ń lọ, ó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Òun náà ì bá ti pe òfin aláìsàn, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá a jiyàn, nítorí aya ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ ni. Kò pè é nítorí pé oko rẹ̀ ló kúkú kàn.

"Orí òkè ni ilẹ̀ tèmi wà, omi tètè máa ń gbẹ níbẹ̀," Yessoufou wí, "mais, ebè lè mú sùúrù díẹ̀. Ìbàdí ò lè mú sùúrù. Ẹ jẹ́ ká kọ ti Wassiou ná."

Wassiou fa aṣọ bo ojú. Wọ́n rò pé ìrora ló dé.

Ibẹ̀ ló ti yẹ kó dìde. Ó sọ fún mi pé òun mọ̀ ọ́n níbẹ̀ gan-an, lábẹ́ aṣọ, pé òun ò ní rí ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ láti dìde. Kò dìde. Ẹni tí ìbàdí ń ro kì í dìde.

Oògùn bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àlúkò fi èèpo igi ránṣẹ́, Bintou sè é, ó sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Ó korò débi pé omi ń bọ́ lójú Wassiou, àwọn aládùúgbò sì ń sọ pé, "Ẹ wo bó ṣe ń jẹ̀rora." Ìyàwó àgbà Bàbá Àlúkò gbé òrí gbígbóná wá. Ìyá náà sanra. Ó fi òrí pa á lẹ́yìn, ó wá gun orí ìbàdí náà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹrẹ̀ ilé. Nígbà tó máa fi sọ̀ kalẹ̀, ìbàdí ti ń ro Wassiou díẹ̀ ní tòótọ́.

"Ṣé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn?" ìyá béèrè.

"Ó rọ̀ mí lọ́rùn, Ìyá."

"Màá padà wá lọ́la."

Ní àràárọ̀, bí ẹgbẹ́ bá ti gbé ọkọ́ lọ sóko rẹ̀, Wassiou á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, á gba inú oko òwú kọjá, á bá alùpùpù Mẹ́sìè Ọládélé níbi tó ti ń dúró dè é. Ebè tirẹ̀ ń ga lóko, òun ń lọ gbọn eruku ọ̀nà lóríṣiríṣi abúlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Kò tíì sí ẹni tó fún un ní gbohùngbohùn mú rí.

Sanson ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èèyàn pọ̀, ṣùgbọ́n Mẹ́sìè Ọládélé ń fi èdè Faransé ṣàlàyé ohun tí décentralisation, ìyẹn pípín agbára ìjọba dé ìgbèríko, jẹ́, àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí oòrùn dé. Àwọn kan ti dìde.

"Wassiou," ó sọ lábẹ́lẹ̀, "wọ́n ń lọ o. Kọ nǹkan kan."

Wassiou ti kọ gbogbo orin tó mọ̀ fún ìbò tán, kò sí èyí tó dá wọn dúró. Orin kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀ tí kì í kùnà. Orin ebè ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, wọn kì í sì í dá a níbikíbi àfi níbi tí ọkọ́ bá wà.

Ó dá a.

"Ta ló ni Sanson o?"

Ó kọ́ wọn ní ègbè: "Ọládélé ló ni ín, Ọládélé ló ni ín!"

Wọ́n gbè é. Àwọn tó ti dìde padà wá. Obìnrin bọ́ sójú agbo, ọkùnrin bọ́ sójú agbo, Wassiou náà bọ́ sí i. Ó jó títí. Ìbàdí tí wọ́n ń fi òrí pa nílé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kan ilẹ̀.

Ọkùnrin kan tó wá láti ilé rédíò kan ní Parakou gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sún mọ́ ọn lẹ́nu. "Tonton, kí lorúkọ yín?"

"Wassiou ni mí, Wassiou ti Goro!"

"Ẹ jó gan-an o. Ara yín le!"

"Ara mi le bí òkúta!" Wassiou pariwo. "Mi ò ṣàìsàn rí láyé mi!"

Bí inú bá dùn, ẹnu a máa sáré ṣáájú orí. Ó gbàgbé ọkùnrin náà kó tó délé.

Àṣálẹ́ ni wọ́n gbé e padà. Bó ti ń sún mọ́ ilé, ó gbọ́ ohùn kan nínú àgbàlá tó dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ní kí alùpùpù dúró lókèèrè. Ó já sí ẹ̀yìn ilé ewúrẹ́, ó tú aṣọ ìbò kúrò lọ́rùn, ó wá igi tẹ̀, ó tẹ ara rẹ̀ sí méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Yessoufou sáré pàdé rẹ̀. "Ibo lo ti ń bọ̀?"

"Igbó. Mo lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀."

"Bintou ò mọ ibi tó o wà. Pẹ̀lú ìbàdí yìí?"

"Ìgbọ̀nsẹ̀ ò mọ ìbàdí."

Yessoufou fi èjìká gbà á, ó sì mú un wọlé. Bó ti gbé e jókòó tán, ó gbóòórùn. "Oògùn wo lò ń rùn yìí? Ó ń rùn bí epo alùpùpù."

"Bàbá Àlúkò ló pò ó," Wassiou wí.

Bintou wo ilẹ̀.

Yessoufou ti mú búrẹ́dì bọ̀ láti Parakou fún aláìsàn. Àárọ̀ ló ti kọ ebè Wassiou, ọ̀sán ló lọ wo ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó.

"Awaou ńkọ́?" Wassiou béèrè.

"Wọn ò tíì jẹ́ kó bọ̀. Obìnrin mìíràn ló ń fún ọmọ lọ́mú." Ó wo ojú ọ̀run. "Ọyẹ́ ti ń fẹ́ o, ọ̀rẹ́. Lọ́la la máa parí tìrẹ. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ilẹ̀ tèmi á ṣì rọ̀."

Nígbà tó lọ, Bintou gbé búrẹ́dì síwájú ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́. Tiyín ni."

Wassiou ò lè jẹ ẹ́.

"Ẹ lọ sọ fún un, Bàbá Hàbíb. Ẹ lọ bá a nísinsìnyí."

"Lẹ́yìn ìbò."

"Ilẹ̀ ò mọ ìbò," Bintou wí, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú aláìsàn lọ sóko. Ó fi igi tilẹ̀, ó fi aṣọ òtútù bora nínú oòrùn, wọ́n tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi kajú. Ebè kún ilẹ̀ lọ bí ojú ṣe lè ríran tó, ó ga, ó yípo dáadáa. Ó ku díẹ̀ péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wassiou kí wọn bó ti yẹ: "Àroko bọ́dún dé o!" Wọ́n sì dá a lóhùn.

Ibi tó jókòó sí ni rédíò wà, wọ́n fi í kọ́ sórí ẹ̀ka igi kajú.

"Ta ló ni ín?" ó béèrè.

"Èmi ni," Karimou, ọ̀kan nínú wọn, dáhùn. "Láti ìgbà tó o ti dùbúlẹ̀, a ò rí ẹni dá orin. Iṣẹ́ ń sú wa. Mo ní kí nǹkan ṣáà máa dún."

Ẹ̀rù ò tíì ba Wassiou. Rédíò ń fi èdè Baatonum sọ ọ̀rọ̀ nípa òwú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi èdè wa sọ pé àwọn fẹ́ fi ìpàdé ìbò tó wáyé ní Sanson hàn wá. Ìgbà yẹn ni ìbàdí rẹ̀ tutù.

Ohùn ńlá kan jáde láti orí igi: "Ta ló ni Sanson o?"

Orin náà ti mọ́ àgbẹ̀ lára ju kó dúró ronú lọ. Ọkọ́ gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Àwa la ni ín," ni wọ́n gbè.

"Ọládélé ló ni ín!" ni rédíò gbè.

Ọkọ́ dúró.

Orin náà ń lọ, kò sì sí ẹni tó gbè é mọ́. Wassiou wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí bátìrì kú. Bátìrì ò kú, tuntun ni Karimou ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i.

"Tonton, kí lorúkọ yín?"

"Wassiou ni mí, Wassiou ti Goro!"

Karimou nawọ́ láti pa rédíò.

"Fi í sílẹ̀," Bàbá Àlúkò wí. "Jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ara mi le bí òkúta!" ni rédíò wí. "Mi ò ṣàìsàn rí láyé mi!"

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n polówó ọṣẹ.

Wassiou ń retí pé wọn á bú òun, kódà pé wọn á na òun. Bí wọ́n bá nà án, ì bá dúpẹ́. Kò sí ẹni tó bú u. Bàbá Àlúkò gbé ọkọ́, ó padà sídìí ebè tó ń kọ lọ́wọ́. Àwọn yòókù gbé ọkọ́. Wọ́n kọ gbogbo ebè tó kù fún un, wọ́n fi ọwọ́ tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀kan sílẹ̀ láìkọ. Yessoufou ló kọ èyí tó gbẹ̀yìn.

"Aláìsàn," Bàbá Àlúkò wí, "a ti parí. Dúpẹ́."

Òfin ni. Wassiou dìde láìfi igi tilẹ̀, kò sì wúlò mọ́ kó fi tilẹ̀. Ó la ẹnu. Ohùn tí Sanson gbọ́ títí dé Parakou, kò jáde. Ó rí "Ẹ ṣé" kan fà jáde, kékeré báyìí, ẹni tó wà lókèèrè ò sì gbọ́.

Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Yessoufou..."

"Oòrùn ṣì wà," Yessoufou sọ fún àwọn yòókù. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo tèmi."

Gbogbo wọn gun òkè lọ, Wassiou tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Yessoufou gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ọkọ́ dún gbàǹ bíi pé ó bá àpáta. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Gbàǹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ògúlùtu kan, ó fi gbogbo agbára fún un lọ́wọ́. Kò fọ́.

"Ó ti le," ló wí.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wassiou bú sẹ́kún níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lópítà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò sì ní ní iṣu lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí pé òun fẹ́ kọrin.

Bàbá Àlúkò jókòó sórí òkúta kan títí ẹkún náà fi lọ sílẹ̀.

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan," ó wí. "Ta la kọ ebè yẹn fún?"

"Aláìsàn," ni Karimou dáhùn.

"Wassiou ti sọ fún gbogbo ilẹ̀ yìí pé òun ò ṣàìsàn rí. Donc, kì í ṣe òun la kọ ọ́ fún. Nínú wa níbí, ta ló ní aláìsàn nílé?"

Gbogbo wọn wo Yessoufou.

"Bàbá, mi ò fẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀," Yessoufou wí.

"Ta ló ń sọ ti ilẹ̀? Ebè ni mò ń sọ. Bó o bá wa iṣu rẹ tán, ilẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

Wassiou kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle náà. "Gbà á, Yessoufou. Mo fi bàbá mi bẹ̀ ọ́, gbà á."

Yessoufou gbà á. Kò wo ojú rẹ̀.

Mẹ́sìè Ọládélé wọlé ìbò. Ó fi ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣe aṣojú fún ìhà Goro. Ó fi fìlà kan tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí Wassiou. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́.

Lọ́dún yẹn, iṣu kún oko bàbá Wassiou, òun àti Bintou ń jẹ gaàrí. Awaou padà sílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ sì mókun. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ru díẹ̀ wá fún Bintou. "Fún aláìsàn yín," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín. Bintou gbà á, ó dúpẹ́, ó gún un, Wassiou sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú omi lójú.

Wọn ò lé e kúrò lẹ́gbẹ́. Àjùmọ̀kọ kì í lé èèyàn. Ó ń jẹ́ àáró, ó ń kọ ebè ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kò dá orin mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní kó dá a. Rédíò ló ń dún. Ohun tó wá dùn ún jù ni ìkíni. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tí a pàdé láàárọ̀ tí a kì í bi pé ṣé ara le. Wọn ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ìkíni lásán ni. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá bi Wassiou, ojú máa ń tì í bíi pé ọjọ́ náà ló ṣẹlẹ̀.

Àsìkò ebè mìíràn dé. Oko Karimou ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí Wassiou jí pẹ̀lú ibà. Bintou ní kó má lọ. Ó gbé ọkọ́, ó lọ.

"Wassiou, ṣé ara le?" Bàbá Àlúkò kí i.

"Ara le, Bàbá."

Ó ń gbọ̀n nínú oòrùn. Ebè tó kọ́kọ́ kọ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀.

"Kí ló dé?" Karimou béèrè.

"Mo yọ̀ ni."

Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ó sì tẹ́jú. Bàbá Àlúkò fi ọkọ́ tilẹ̀, ó wò ó.

"Lọ́jọ́sí, o ní ò ń ṣàìsàn, a gbà ọ́ gbọ́. Lónìí, o ní ara rẹ le. Ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?"

Rédíò ń dún lọ. Wassiou wà lórí ìkúnlẹ̀, eyín rẹ̀ ń ko ara wọn, kò sì jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń ṣàìsàn. Ó ní ikú ì bá rọ òun lọ́rùn ju kí òun tún sọ ọ́ lọ.

Yessoufou ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Láti ọdún tó kọjá, kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Ara rẹ̀ gbóná," ló wí. Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Oko rẹ̀ ló kàn."

Ó lọ sídìí igi, ó sì pa rédíò.

Lọ́jọ́ tí ebè Wassiou máa parí, wọ́n gbé e wá, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ igi kajú. Kò sí rédíò níbẹ̀. Yessoufou ló dá orin, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kò rí epo, ó sì ṣì í dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn yòókù gbè é: "Àwa la ni ín, àwa la ni ín." Wassiou fẹ́ bá wọn gbè é láti orí ẹní, ẹkún ò jẹ́.

Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Bí ẹ bá ń kọjá lọ́nà Goro, tí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ẹ kí i, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ṣé ara le, ẹ ní sùúrù fún un. Ó máa ń rò ó dáadáa kó tó dáhùn.